Ọwọ́ Tó Ń Gbé Fàdákà Lé Òǹtẹ̀

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè gba nǹkan gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ Hirji, mo mọ yàrá tó ti ṣiṣẹ́, mo sì ti di méjì mú nínú àwọn ẹyọ owó náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, n kò ní bá a jà.

Níbí ní Kutch, ní ilẹ̀ Íńdíà, a ní owó tiwa rí. Kórì ni à ń pè é. Fàdákà ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lù ú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Hirji lu kórì, bàbá bàbá rẹ̀ lù ú. Nígbà tí owó ìjọba Íńdíà dé láti Delhi, tí wọ́n ti ilé tí a ti ń rọ owó pa, wọ́n kó òǹtẹ̀ àti òòlù lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà létí adágún. Wọ́n mú Hirji náà lọ síbẹ̀.

"Wọ́n kó mi mọ́ ẹrù ni," òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lu owó bàbà lójú àwọn àlejò, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọba. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Wọ́n ti ri òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ inú kùkùté igi kan tó ga tó orúnkún. Ẹni tó ń lu owó máa ń dúró, òǹtẹ̀ òkè á wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, òòlù á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Orí òǹtẹ̀ òkè ni ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, níbi tí òòlù máa bà. Kò gbọdọ̀ wo ìsàlẹ̀. Ẹnì kejì á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló ń gbé pẹlẹbẹ fàdákà tàbí bàbà lé òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀. Tó bá yọwọ́ tán, á fi òrùka rẹ̀ kan kùkùté náà lẹ́ẹ̀kan. Kọ́. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ti kúrò. Ìgbà yẹn ni òòlù tó lè wálẹ̀.

"Etí la fi ń lu owó," Hirji máa ń wí fún àwọn àlejò. "Ojú kò sí níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin tó mọ ìdí kùkùté jókòó kú tán. Ó wá ku Jethi, ìyàwó Hirji. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó síbẹ̀, tó ń fi eyín di etí ìborí rẹ̀ mú kó má baà já bọ́ sórí òǹtẹ̀.

Ní ọdún kẹta, Hirji fi òòlù lu òǹtẹ̀ kó tó gbọ́ ìró òrùka. Kò mọ ohun tó ń rò lọ́jọ́ náà. Ìka ìfábẹ̀là ọ̀tún Jethi fọ́. Obìnrin náà kò pariwo. Ó gbé ìka sókè, ó wò ó.

"Ṣé ara mi lo fẹ́ kọ orúkọ ọba sí ni?"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Hirji náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Jethi ti ń fi ọwọ́ òsì gbé bàbà, pẹlẹbẹ rẹ̀ sì máa ń sún díẹ̀ sí apá fèrèsé. Ojú òǹtẹ̀ fẹ̀ ju owó lọ, wọ́n sì gbẹ́ àmì tó-tò-tó kéékèèké yí etí rẹ̀ ká. Bí pẹlẹbẹ bá wà láàárín gbùngbùn, àwọn tó-tò-tó yẹn kì í hàn. Lára owó tí Jethi bá gbé kalẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń hàn lápá kan.

Hirji kò sọ pé kó má bínú. Ó rò pé ẹ̀rín yẹn ti tó.

Ibà ló pa Jethi nígbà òtútù. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni.

Ooru ti mú dáadáa nígbà tí Vasuben pe Hirji sí ọ́fíìsì. Vasuben ni alábòójútó ilé náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ dígí, tó máa ń fọwọ́ kan owó àtijọ́ bí ìgbà tó ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn.

"Hirji-kaka, ìwé ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè," ó ní, ó ń pè é ní kaka bí a ṣe ń pe àwọn arákùnrin bàbá wa. "Wọ́n fẹ́ àádọ́ta kórì fàdákà. Àwọn ló máa kẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó gé òǹtẹ̀ náà, a ó sì fi sábẹ́ gíláàsì."

"Ta ni yóò gé e?"

"Ẹ̀yin ni, kaka. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Òótọ́ ni. Tí òǹtẹ̀ bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń fi irin ìgé fa ọgbẹ́ sí i lójú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi lu owó mọ́. Hirji ti rí i tí bàbá rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ó gbọ́dọ̀ parí kó tó di Ashadhi Bij," Vasuben wí. Ashadhi Bij ni ọdún tuntun wa, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ń bọ̀. "Ta ló máa bá yín jókòó?"

Osman tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló dáhùn láti ìta. "Èmi ńkọ́? Ìka mẹ́wàá ni mo ní. Mo lè fi méjì tọrẹ."

Ó jókòó lóòótọ́. Ó gbé fàdákà kalẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn, kò rántí kan igi. Hirji dúró títí, ó lù ú, owó náà wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́.

"Osman, fàdákà ni, kì í ṣe ejò."

"Ejò sàn. Ejò á kọ́kọ́ dún kó tó buni jẹ. Òòlù tìrẹ kì í sọ nǹkan kan."

"Máa lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ."

"Mo ti ń lọ. Mo ń kó gbogbo ìka mi lọ."

Wọ́n máa ń ti ilé náà láti ọ̀sán títí di aago mẹ́ta, nítorí oòrùn. Osman á sùn sábẹ́ igi dóńgóyárò. Vasuben á lọ sílé. Hirji nìkan ló kù nínú yàrá náà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ta ẹní koríko tútù sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ wọlé rí bí omi adágún nísàlẹ̀. Yàrá náà ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Ìlú dákẹ́ bí ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti kó lọ.

Ó ti fi omi ajagbọn àti iyọ̀ se àwọn pẹlẹbẹ fàdákà náà títí wọ́n fi funfun. Ó kó wọn sínú àwo amọ̀, ó gbé e sí apá ibi tí Jethi máa ń jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Òun kò rò ó.

Ó dìde dúró. Ó gbé òǹtẹ̀ òkè sókè, ó gbé òòlù. Kò fẹ́ lu nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa rí.

Kọ́.

Apá rẹ̀ ló fi òòlù lù ú. Ọkàn rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, owó wà lórí òǹtẹ̀. Orúkọ ọba wà lójú rẹ̀, ó mọ́ kedere. Tó-tò-tó mẹ́rin wà lápá fèrèsé. Hirji mú un. Owó tí òòlù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ló mọ̀. Èyí tutù bí òkúta inú kànga.

Ó jókòó sílẹ̀ títí Osman fi wá ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì ó lu mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta ó lu mẹ́rin. Kò wo ìsàlẹ̀ rí nígbà tó bá ń lù ú. Ó ń gbọ́ ọ bí fàdákà ṣe ń ha ara mọ́ àwo amọ̀. Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń balẹ̀ lórí òǹtẹ̀. Lẹ́yìn náà òrùka, kọ́, lẹ́yìn náà òòlù. Nígbà mìíràn ọrùn rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀. Kò jẹ́ kó tẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé òun lè rí nǹkan, ó sì ń bẹ̀rù pé òun lè má rí nǹkan kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ kó tó wá. Ó ń wọ ẹ̀wù funfun. Ó ní kí Kanku ọmọ rẹ̀ máa di rotlo méjì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, fún òun, àti omi wàrà kíkan ìgò méjì.

Osman wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ọkọ ìyàwó, níbo là ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́."

"Pẹ̀lú òróró lórí? Nílé òkú owó?"

"Ìwọ lọ sùn."

"Màá sùn. Tí ẹ bá ń pín oúnjẹ ìgbéyàwó, ẹ jí mi."

Nígbà tí owó náà pé ogún, Vasuben tò wọ́n sórí aṣọ dúdú. Ó gbé àwo owó bàbà àwọn ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó nu ún, ó tún wò wọ́n.

"Hirji-kaka, ta ló ń bá yín jókòó?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lù wọ́n."

"Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

"Kaka, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wo iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Ó kún àwo mẹ́fà. Mo mọ̀ ọ́n."

"Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n," Hirji wí, "kí lẹ tún ń bi mí fún?"

Vasuben mú ọ̀kan, ó sì tètè gbé e sílẹ̀. Ó béèrè pẹ̀lú ohùn kékeré, "Kí ló dé tí wọ́n tutù báyìí?"

Hirji ń palẹ̀ òòlù rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn owó tó pé ọgbọ̀n ni Hirji ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìró òrùka ń pẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí fàdákà bá ti balẹ̀, mímí kan ni, òrùka á dún. Ó wá di mímí mẹ́ta. Ó di mẹ́wàá. Ó ń dúró, òòlù lókè, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Fàdákà ti wà lórí òǹtẹ̀. Ọwọ́ ńkọ́? Ó rántí bí ìka yẹn ṣe dún lábẹ́ irin. Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ìkarahun ìgbín mọ́lẹ̀. Kò gbàgbé ìró náà láti ọdún mẹ́jọ, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá mọ ohun tó ń dé bá òun. Bó bá lu àádọ́ta tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gé òǹtẹ̀ náà. Òǹtẹ̀ tó ti gbọgbẹ́ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Jethi kò ní ohun tó máa wá gbé nǹkan lé mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹyọ kan lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kan ní ọjọ́ mẹ́ta.

"Kaka, ọdún tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀," Vasuben wí.

"Apá ló ń dùn mí."

"Ẹ jẹ́ kí n wá ẹlòmíràn tó máa lu èyí tó kù."

"Rárá." Ó yára sọ ọ́ débi pé Vasuben sún sẹ́yìn. Hirji rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹlòmíràn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró dè é."

Lọ́jọ́ tó lu èyí tó ṣáájú àádọ́ta, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé wà lórí kùkùté nígbà tí fàdákà balẹ̀. Nígbà tí òrùka dún, ìmọ́lẹ̀ náà ti gun ògiri.

Ọjọ́ tó ṣáájú Ashadhi Bij, kùrukùru bo ojú ọ̀run láti òwúrọ̀. Adágún dúdú. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ní ọ̀sán, Vasuben kò lọ sílé. Ó jókòó lórí àga pẹlẹbẹ tó wà lẹ́bàá ògiri, irin ìgé náà wà lórí itan rẹ̀ nínú aṣọ. Osman náà kò sùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, kò sì mọ ìdí tí òun fi bọ́ ọ.

"Mo lè jáde tí ẹ bá fẹ́," Vasuben wí.

"Ẹ jókòó," Hirji dáhùn. "Bóyá kò ní wá tí ẹ bá wà níbí."

"Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́?"

Ó rò ó. "Mi ò mọ̀."

Pẹlẹbẹ fàdákà kan ṣoṣo ló kù nínú àwo. Ó gbé òǹtẹ̀ òkè. Ó gbé òòlù. Ó gbé ojú rẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wà.

Kò pẹ́. Fàdákà ha ara mọ́ amọ̀. Lẹ́yìn náà ó balẹ̀ lórí irin, jẹ́jẹ́. Mímí Vasuben dá dúró. Hirji gbọ́ ọ bó ṣe dá dúró.

"Vasuben. Kí ló wà lórí òǹtẹ̀?"

"Fàdákà ni."

"Ṣé ọwọ́ wà níbẹ̀?"

Vasuben na ọrùn wò ó. "N kò rí ọwọ́."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Wọ́n dúró. Àrá kan sán lókèèrè, lọ́nà òkun, ó sì dákẹ́. Òrùka kò dún.

"Kaka," Vasuben wí, "ẹ lù ú. Ẹ lù ú kó tán."

"Kò tíì yọwọ́."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ na ọwọ́ tiyín síbẹ̀."

Vasuben dìde. Ó na ọwọ́ sí kùkùté náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nǹkan kan kò dì í mú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ gba àárín èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ kọjá. Ojú ló ń tì í. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Vasuben, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Osman wí láti ẹnu ọ̀nà. Kò sí àwàdà nínú ohùn rẹ̀.

Ojú Hirji ṣì wà lórí òǹtẹ̀ òkè. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní sọ̀rọ̀.

"Jethi, má bínú. Ọjọ́ yẹn, ó yẹ kí n dúró. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo rẹ́rìn-ín ni."

Wọ́n tẹ́tí. Òrùka kò dún.

Ó sọ òòlù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ilẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ òkè náà sílẹ̀. Nígbà náà ló tó wo ìsàlẹ̀, tí òòlù kò ti sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Fàdákà náà wà lórí òǹtẹ̀. Kò sún sí apá fèrèsé. Àárín gbùngbùn ló wà, bí ó ṣe máa ń wà lọ́dún kìíní àti ọdún kejì.

Hirji kúnlẹ̀. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Vasuben mú irin ìgé jáde nínú aṣọ. Ìwé ti sọ pé kí wọ́n gé e, ìwé kò sọ nǹkan mìíràn. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ìrì bo ojú fàdákà náà, bí ìgbà tí ènìyàn mí sójú dígí. Ìrì náà súnkì, ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún bò ó. Ó tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mímí ẹni tó jókòó tí kò kánjú.

Vasuben fi aṣọ wé irin ìgé náà padà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rọ̀ mọ́jú ọdún tuntun. Wọ́n kan àpótí gíláàsì bo kùkùté náà bó ṣe wà, àti òǹtẹ̀ àti fàdákà. Wọ́n kọ sínú ìwé pé owó kan kò tíì parí. Àwọn tó wà lókè kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà wọn kò kọ lẹ́tà mọ́.

Hirji kò fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀sán, tí wọ́n bá ti ilé náà, ó máa ń jókòó sílẹ̀ níwájú gíláàsì, á máa ya rotlo rẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ó sanra díẹ̀ pàápàá.

Bí oṣù kan bá parí, Vasuben á yà síbẹ̀. "Hirji-kaka, ṣé kí a gé e báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ bi Jethi," Hirji á wí.

Vasuben kì í bi í.

Nígbà tí èmi lọ síbẹ̀, ní ọjọ́ kan tí àlejò kò sí, mo tẹ̀ sórí gíláàsì náà, mo sì bi Jethi. Lẹ́yìn tí mo bi í tán ni mo rí i pé mi ò fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. Mo mú agbòòrùn mi, mo sì yára jáde sínú oòrùn.